Bí Wọ́n Ṣe Sìn Mí Sọ́nà ní Ogbooro

Láti ìgbà tí mo ti Òkè-Ògùn dé, ohun kan náà ni gbogbo ará Ìjẹ̀bú-Òde ń bi mí: "Kẹ̀kẹ́ yín ńkọ́?" Kò sí ẹni tó bi mí nípa orókún mi. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, kí n lè máa na ìwé sí ẹni tó bá tún béèrè, kí n sì ráyè máa rán aṣọ mi lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi dé ibẹ̀. Mo ra kẹ̀kẹ́ eré-ìje kan, mo sì gbé e sí pálọ̀, nítorí kò sí ibòmíràn tí ọkàn mi gbà kí n gbé e sí. Ìyá Tọ́lá, ìyàwó mi, fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó di pé àlejò ń fi ẹsẹ̀ kọ ọ́, tí aṣọ oníbàárà sì ń kan girísì rẹ̀, ó ránṣẹ́ pe Ṣẹ́gun àbúrò rẹ̀ kó wá ṣe ẹlẹ́rìí. Ó ní òun gbọ́ pé ìdíje kan ń bọ̀ ní Òkè-Ògùn, níbi tí àwọn ọkùnrin tó yẹ kó wà níbi iṣẹ́ ti ń gun kẹ̀kẹ́ láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí tó fi máa wọ̀. Ó ní kí n lọ. Tí orúkọ mi bá wà lára àwọn tó gùn ún dé ìwọ̀ oòrùn, kẹ̀kẹ́ ti di ara ilé nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò ní bá mi sọ̀rọ̀ pálọ̀ mọ́. Tí kò bá sí níbẹ̀, Ṣẹ́gun ni yóò máa gùn ún lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ṣẹ́gun ní òun ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya. Bó ti ń sọ ọ́ ló ń fi ìdí ara rẹ̀ wọn gíga ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà.

Mo gbà. Ohun tí ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta máa ń fẹ́ràn tó báyẹn kì í pọ̀.

*Ṣakí*

Ìgbà ọyẹ́ ni a dé Ṣakí, èmi àti Múfú, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe ní òpópó wa, tí òun náà fẹ́ díje, tó sì lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ jù mí lọ. Ní ilé wa, igbó ló máa ń dí ojú ọ̀run mọ́ èèyàn. Ní Òkè-Ògùn, ojú ọ̀run pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ilẹ̀ tẹ́jú, koríko ti gbẹ, àpáta kan jókòó níhìn-ín, òmíràn jókòó lọ́hùn-ún, igi kì í sì í fara kan igi. Atẹ́gùn ń ti apá àríwá bọ̀, kò sí ohun tó dá a dúró lọ́nà títí tó fi bá wa. Kí a tó sọ ẹrù kalẹ̀, ètè Múfú ti là.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bí wọ́n ṣe ń kíni. Mo bi ọkùnrin kan tó ń ta ọṣẹ léèrè ọ̀nà Ogbooro. Ó kọ́kọ́ kí mi kú ìrìn, ó kí mi kú ewu ọ̀nà, ó béèrè ilé, ó béèrè ọmọ, ó béèrè ìyá ọmọ, ó wá béèrè ibi tí mo ti wá. Nígbà tí mo ní Ìjẹ̀bú, ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú owó." Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ló wá sọ pé àlejò ni òun náà, òun ò mọ ọ̀nà Ogbooro.

Àwọn àgbà tó lè bí mi ń fi "ẹ" pọ́n mi lé. Ní ọjọ́ kìíní, ó dùn mọ́ mi. Ní ọjọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí lẹ́rù, nítorí mi ò mọ ohun tí wọ́n ń retí kí n fi san án padà fún wọn.

A jẹ iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí wọ́n fi wàrà sí. Wàrà yìí kì í ṣe èyí tí à ń mu. Ó ti dì, wọ́n sì ti dín in. Múfú ní ẹran tí kò ní eegun ni. Ó jẹ ẹ́ débi pé ẹ̀rù bà mí nítorí ìdíje.

*Ogbooro*

Àwọn tó ṣètò ìdíje náà pín wa sí ilé àwọn ará Ogbooro. Ilé Bàbá Àṣàkẹ́ ni ó kàn mí. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá náà, ó ti ń lọ sí àádọ́rin ọdún, ó ga, èjìká rẹ̀ sì fẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ wà lára ògiri, kẹ̀kẹ́ dúdú tí wọ́n jó irin mọ́ lẹ́yìn kó lè máa ru iṣu láti oko. Ó wo kẹ̀kẹ́ tèmi yí po. Ó fi ìka kan gbé e sókè, ó sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní, "Ó dára. Kí ni ó ń rù?"

Mo ní èmi ni ó ń rù.

Ìyá Àṣàkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ti rí gàrí Ìjẹ̀bú tí mo gbé dání nítorí pé mi ò mọ ohun tí mo máa bá lọ́hùn-ún. Ó wo inú àpò náà títí. Ó wá bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá iṣu kò ṣe dáadáa níbi tí mo ti wá. Láti ìgbà náà ló ti ń bu iyán fún mi bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n kó wa jọ sí iwájú ilé-ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Àkànjí, adájọ́ ìdíje, sì ka òfin fún wa. Láti iwájú ilé-ìwé náà ni a ó ti máa gbéra, a ó gba iwájú ilé Bàbá Àṣàkẹ́ kọjá, a ó sọdá odò kékeré tó wà lẹ́yìn ìlú, a ó gùn ún dé ìdí igi emi ńlá kan, igi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, lójú ọ̀nà Ìgbòho, a ó yí padà wá. Bẹ́ẹ̀ ni a ó máa ṣe títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ẹni tó bá gùn ún jìnnà jù ló gbégbá orókè.

"Olúkúlùkù ló máa dá gun tirẹ̀," Àkànjí ní. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fara pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn nítorí atẹ́gùn. Mo máa kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tí mo bá tún rí i, mo máa pa orúkọ onítọ̀hún rẹ́."

Mo mi orí. Òfin náà tọ́ lójú mi. Kò sí ẹni tí mo mọ̀ tí mo lè fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

*Àárọ̀*

Kí ilẹ̀ tó mọ́, Ìyá Àṣàkẹ́ ti gún iyán. Mo jẹ ẹ́ nítorí pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà kúrò nínú ilé náà. Oòrùn yọ, wọ́n tú wa sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú aṣọ pélébé tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lẹ́yìn wa. Nígbà tí mo dé iwájú ilé, Bàbá Àṣàkẹ́ ti wà lẹ́bàá ọ̀nà lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó wọ gbárìyẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n sìn yín díẹ̀," ó ní. Ó sì bọ́ síwájú mi.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí fi ara yín sí ipò mi. Atẹ́gùn ọyẹ́ ń bọ̀ wá tààrà, ó ń fẹ́ eruku sí mi lójú, ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan dà bí ẹni ń gun òkè. Télọ̀ ni mí; mo mọ gbárìyẹ̀ tí wọ́n ṣahun aṣọ nígbà tí wọ́n ń rán an. Èyí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Bí ó ti bọ́ síwájú mi báyìí, tí gbárìyẹ̀ náà sì tú jáde lápá ọ̀tún àti lápá òsì, atẹ́gùn dákẹ́. Mo tilẹ̀ gbọ́ ohùn ẹyẹ.

Mo mọ òfin. Mo sì tún mọ̀ pé àgbàlagbà tó gbà mí sílé tó ń bọ́ mi ló wà níwájú mi yìí, àti pé ọmọlúàbí kì í já onílé rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo gbé méjèèjì lé òṣùwọ̀n, mo sì dúró sí ibi tí atẹ́gùn kò sí.

Nígbà tí a dé odò, Bàbá dẹ ẹsẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn wò mí. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Ó tẹ̀ síwájú. A dé ìdí igi emi, ó tún bojú wẹ̀yìn. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá." Ó ní "Hẹn," ó sì bá mi yí padà. Atẹ́gùn gbé àwa méjèèjì dé ilé, ó yà sí àgbàlá, mo lọ yí padà níwájú ilé-ìwé. Nígbà tí mo fi máa padà dé iwájú ilé, ó ti tún wà lẹ́bàá ọ̀nà. Lójú tirẹ̀, àlejò rẹ̀ tún ti ń lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe é títí oòrùn fi ga. Ní ìgbà kan, Múfú kọjá lára wa, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. "Bàbá Tọ́lá," ó ní, "ṣé ẹ háyà wọn ni?"

*Ọ̀sán*

Ẹni tí mò ń bojú wẹ̀yìn nítorí rẹ̀ kò wá láti ẹ̀yìn. Iwájú ni Àkànjí ti yọ sí wa lórí ọ̀kadà rẹ̀, ó sì yí padà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, níbi tí atẹ́gùn kò ti ní jẹ́ kí Bàbá gbọ́ wa.

"Ta ni bàbá yìí?"

"Onílé mi ni."

"Kí ni wọ́n ń ṣe níwájú yín?"

"Wọ́n ń sìn mí sọ́nà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìkìlọ̀ mi nìyẹn. Ó ní tí òun bá tún bá mi lẹ́yìn bàbá yìí, tàbí lẹ́yìn bàbá èyíkéyìí, kí n ka orúkọ mi sí èyí tó ti parẹ́. Mo rí pálọ̀ mi lójú ọkàn, mo rí Ṣẹ́gun tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ mi. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ẹ lè béèrè ìdí tí mi ò fi sọ fún Bàbá pé kó padà sílé. Ní ìlú tí àgbà ti ń fi "ẹ" pe ọmọdé, ta ni èmi tí mo máa pàṣẹ fún bàbá ẹni àádọ́rin ọdún lójú ọ̀nà ìlú rẹ̀? Mo rò pé yóò sú u. Kò sú u. Mo dẹ ẹsẹ̀ kó lè fi mí sílẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, òun náà dẹ ẹsẹ̀. Mo túbọ̀ dẹ ẹ́, òun náà túbọ̀ dẹ ẹ́, títí kẹ̀kẹ́ méjèèjì fi ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Obìnrin kan tó ru igi ìdáná fi ẹsẹ̀ rìn kọjá wa. Ó kí wa kú ìrìn.

Ìgbà tí mo padà dé iwájú ilé lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá kò sí níbẹ̀. Inú mi dùn. Ìyá Àṣàkẹ́ ló dúró pẹ̀lú ike omi, ó sì di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi mú.

"Bàbá Tọ́lá, ẹ dákun," ó ní, "kí ni ọkọ mi fi ṣẹ̀ yín?"

Mo ní kò ṣẹ̀ mí rárá.

"Kí ló wá dé tí ẹ ò dá wọn padà? Wọ́n ti ń bojú wẹ̀yìn látàárọ̀. Níbi odò ló yẹ kí ẹ ti ní ó tó."

"Ìyá, mo rò pé àfojúdi ni, kí n ní kí àgbà padà."

Ó wò mí bó ṣe wo gàrí mi lọ́jọ́ sí. "Ẹni tí à ń sìn ló ń dá ẹni tó ń sìn ín padà," ó ní. "Tí wọ́n bá padà fúnra wọn, wọ́n ti lé àlejò nìyẹn. Mo ní kí wọ́n jókòó, wọ́n ní àwọn ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Orókún òsì wọn ń dùn wọ́n. Wọ́n ti lọ síwájú, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ dá yín dúró. Omi yìí gan-an, wọn ò mu ún."

Ojú tì mí. Gbogbo òwúrọ̀ tí mo fi ń gbádùn gbárìyẹ̀, ohùn mi ni bàbá arúgbó ń retí.

*Odò*

Mo rí Bàbá lọ́ọ̀ọ́kán, ó ti kọjá odò, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Mo pariwo pé, "Bàbá, ó tó." Atẹ́gùn gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi, ó gbé e lọ sí ọ̀nà Ṣakí. Mo tún pè é. Kò gbọ́. Ó hàn gbangba pé àfi kí n sún mọ́ ọn.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ̀kadà lẹ́yìn mi.

Mi ò ní purọ́ fún yín: mo dẹ ẹsẹ̀. Mo rò ó pé kí n jẹ́ kí Àkànjí kọjá ná. Bàbá yóò tẹ̀ ẹ́ dé ìdí igi emi, n ó dá a padà níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò rí wa. Ìrònú náà dára. Kẹ̀kẹ́ mi ì bá wà ní pálọ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n Bàbá bojú wẹ̀yìn. Eruku ti sọ irùngbọ̀n rẹ̀ di funfun ju bó ti wà lọ, atẹ́gùn ti fa omi jáde lójú rẹ̀. Ó rí i pé mo dẹ ẹsẹ̀, òun náà sì dẹ tirẹ̀, ó ń dúró dè mí.

Mo tẹ̀ ẹ́. Mi ò tíì tẹ kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mo wọ ẹ̀yìn gbárìyẹ̀ náà, atẹ́gùn dákẹ́, mo sì ní, "Ẹ padà, Bàbá. Ó tó. Ẹ ṣeun."

Ó fa bíréèkì lójú ẹsẹ̀, ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Àwa náà dúpẹ́," ó ní. "Mo ti ń rò ó pé Ìjẹ̀bú là ń lọ."

Àkànjí ti dé. Ó pa ọ̀kadà. "Mo kìlọ̀," ó ní.

"Ẹ kìlọ̀."

Ó tú aṣọ nọ́ńbà kúrò lẹ́yìn mi, ó ká a, ó fi sápò. Ó hàn lójú rẹ̀ pé inú rẹ̀ kò dùn sí i, mo gbà pé èèyàn dáadáa ni. Nígbà tó lọ tán, Bàbá béèrè ohun tó mú lọ.

Mo ní, "Ó ní ó ti dọ̀tí ni, wọ́n fẹ́ fọ̀ ọ́."

"Àwọn wọ̀nyí ń tọ́jú yín," ó ní. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, atẹ́gùn sì ń tì í lọ sílé láìtẹ̀.

Mo gùn ún títí oòrùn fi wọ̀. Kò sí ẹni tó ń kà mí mọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀ oòrùn ni mo tìtorí rẹ̀ wá. Atẹ́gùn náà kò ṣíjú àánú wò mí. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá níwájú ilé, Bàbá á ti jókòó sórí àga, á ti fi òrí pa orókún rẹ̀, á gbé ọwọ́ sókè, á ní, "Ẹ kú ìrìn." Inú mi bàjẹ́ nítorí kẹ̀kẹ́ mi. Inú mi sì dùn bí mo bá ti rí i lórí àga. Nígbà tí wọ́n ń ka orúkọ, wọ́n ka ti Múfú. Mo pàtẹ́wọ́ fún un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí mò ń lọ, Bàbá fi ẹsẹ̀ rìn sìn mí, ó ń tiro díẹ̀, iṣu wà léjìká rẹ̀ fún ìyàwó mi. Bí a ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà báyìí ni mo ní, "Ẹ padà, Bàbá, ó tó."

Ó dúró, ó wò mí. "Èyí ti yá jù," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká rìn díẹ̀ ná."

*Ilé*

Ìyá Tọ́lá gba iṣu. Ó béèrè orúkọ. Mo ní wọ́n pa á rẹ́. Ó ní kí n jókòó kí n jẹun, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ti sọ ọ́ fún yín yìí. Ó kó àwo kúrò nílẹ̀.

Ṣẹ́gun wá ní ọjọ́ Sátidé. Mo ti nu kẹ̀kẹ́ náà, mo ti fi epo sí ṣéènì rẹ̀. Mo ní kí n sìn ín díẹ̀, ó ní kò burú. Kò gùn ún, ó ń tì í ni, bóyá nítorí ojú mi. A dé ìkóríta, ó ní, "Ó dàbọ̀, bọ̀dá." Mo ní ó dàbọ̀. Ó tì í lọ, mo tẹ̀ lé e. A kọjá ilé epo. Ó bojú wẹ̀yìn, mo mi orí sí i. A kọjá ọjà. Ó tún bojú wẹ̀yìn, òógùn ti bò ó, ó di kẹ̀kẹ́ náà mú gírígírí bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi kò fẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ mi ni kò mọ ibi tó yẹ kó dúró sí.

Mo gbọ́ ìró sálúbàtà lẹ́yìn mi. Ìyá Tọ́lá ni, ó wé ìborùn sórí, ó ti ń tẹ̀ lé wa láti ìgbà tí a ti kúrò nílé.

"Ṣẹ́gun," ó ní, "bọ̀dá ẹ ò lè padà tí o ò bá dá wọn padà."

"Kí n sọ pé kí ni?"

"Sọ pé ó tó."

Ṣẹ́gun yíjú sí mi. Kò yé e, ṣùgbọ́n ọmọ tó gbọ́ràn ni. "Ó tó, bọ̀dá," ó ní. "Ẹ padà. Ẹ ṣeun."

Mo dúró. Ó gun kẹ̀kẹ́, ó lọ. Ìjókòó náà ga jù fún un. Ìyá Tọ́lá di ọwọ́ mi mú, a sì padà sílé.